Ẹfúnróyè Tinúbú: Olorì Tí Kò Jọba, Tí Ọba Ń Gbára Lé

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní ojú ewé yìí, ìtàn ìgbésí ayé ẹni kan tó ti lọ tipẹ́ ni a gbé wá, kí a lè mú ohun tó dára níbẹ̀, kí a sì kọ ohun tí kò dára sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba Ìta Tinúbú kọjá rí ní Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé etí ọ̀sà wa níhìn-ín, ní Àgbádárìgì, ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ba agbára.

Ohun tó mú wa yan ìtàn yìí ni àríyànjiyàn tó máa ń wáyé láàárín àwọn ọ̀dọ́, pé láyé àtijọ́, obìnrin kò ní nǹkan í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìlú ju kí ó dáná, kí ó sì tọ́mọ lọ. Àwọn mìíràn a tún fò sí òdìkejì, wọn a ní kò sí ohun tí obìnrin ayé àtijọ́ ṣe tí kò dára. Ìhà méjèèjì ni ìtàn obìnrin yìí ní èsì fún.

ÀWỌN OBÌNRIN TÓ DI ÌJỌBA MÚ

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Tinúbú, ẹ jẹ́ kí a wo ayé yíká díẹ̀. Ní ilẹ̀ Yemen, ayaba kan wà tí ń jẹ́ Arwa. Àìsàn dá ọkọ rẹ̀ gúnlẹ̀, ó sì ń ṣe àkóso ìlú dípò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ náà kú, kò fi àkóso sílẹ̀ títí tí òun náà fi kú ní 1138. Ní Delhi, ní ilẹ̀ Íńdíà, Raziya gorí ìtẹ́ ní 1236, ó sì jọba títí di 1240. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, nígbà tí Súltánì kú ní 1249 tí ogun àwọn Faransé sì wà nínú ìlú, aya rẹ̀, Shajar al-Durr, ló fi ikú náà pamọ́ kí ọkàn àwọn ọmọ ogun má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ní 1250, òun fúnra rẹ̀ jọba fún nǹkan bí 80 ọjọ́.

Nílé tiwa náà, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn Àmínà ti Zazzau ní ilẹ̀ Haúsá. Ní Ìbíní, Ọba Esigie dá oyè Ìyọba sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, Idia, nítorí ipa tí ìyá náà kó kí ọmọ rẹ̀ tó dé orí oyè. Ní Ọ̀yọ́, Ìyá Kéré ni ohun ọ̀ṣọ́ ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé adé lé Aláàfin lórí. Ní Èkó, Erelú Kútì, ọmọ Ọba Adó àti àbúrò Ọba Akínṣemóyìn, ló bí Ológun Kútere. Inú Ológun Kútere yìí ni ìdílé ọba Èkó ti tàn kálẹ̀. Èyí já sí pé láti ara obìnrin ni oyè náà ti gbà wá. Títí di òní ni oyè Erelú Kútì wà ní ààfin Èkó.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú gbogbo èyí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, láti ara baba, ọkọ, arákùnrin tàbí ọmọ ni agbára wọn ti wá. Bí ẹni náà bá kú, tàbí tí inú rẹ̀ bá yí padà, agbára a bọ́. Tinúbú náà gba ẹnu ọ̀nà ọkọ wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ kú, kò jáde mọ́. Bó ṣe ṣe é ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

IBI TÓ TI WÁ

Inú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n ti bí Ẹfúnróyè, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ìlú Abẹ́òkúta tó wà rárá. Orúkọ rẹ̀ fi ilé tó ti wá hàn, nítorí ilé àwọn tó ń bọ òrìṣà funfun ni orúkọ Ẹfún ti máa ń wá. Tinúbú tí a ń pè é jẹ́ ìgékúrú Ọ̀ṣuntinúbú.

Ayé ogun ni ó bá. Nígbà tó wà ní ọmọge, ogun Òwu bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yè é sá lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ olórí wọn. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ọjà ni obìnrin fi ń bọ́ ilé. Ẹfúnróyè kọ́ òwò láti ilé. Ó fẹ́ ọkọ kan tó jẹ́ ará Òwu, ó bí ọmọkùnrin méjì fún un, ṣùgbọ́n ọkọ náà kú. Kò tíì dàgbà púpọ̀ tó ti di opó.

ÀDÉLÉ ÀTI ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ní nǹkan bí 1833 ni Ẹfúnróyè fẹ́ Àdélé, ọmọ Ológun Kútere. Àdélé ti jọba Èkó rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Òṣínlókun, ló lé e kúrò lórí oyè ní nǹkan bí 1821. Ìtàn Èkó sọ pé lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé ó fi àyè gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù láàárín ìlú. Àgbádárìgì ni Àdélé sá wá, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kò jókòó lásán. Nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò méjì, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1830 láti wá ibi tí odò Ọya ń ṣàn sí, Àdélé ni wọ́n bá gẹ́gẹ́ bí ọba níbẹ̀.

Ó yẹ kí àwa ọmọ etí òkun yìí mọ irú ìlú tí Àgbádárìgì jẹ́ nígbà náà. Àwọn tó sá fún ogun Dàhòmì, nígbà tí Ọba Agaja ṣẹ́gun Àládà ní 1724 àti Wídà ní 1727, wà lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó tó fi gbèrú. Àdúgbò mẹ́jọ ló ní: Jẹ́gbà, Ahóvíkò, Bóékò, Pósúkò, Awhánjìgò, Asàgò, Gánhò àti Wharákò. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní olóyè tirẹ̀, oníkálukú ló sì ní oníbàárà òyìnbó tirẹ̀. Nítorí náà, kò sí ọba kan ṣoṣo tó lè dá pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ìlú tí agbára pín sí ọ̀nà mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, àlejò tó gbọ́n lè rí àyè nínú rẹ̀.

Láti ojú omi yìí ni ọ̀sà ti gba Èkó lọ sí ìlà oòrùn, tó sì gba Àjàṣẹ́ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà ilẹ̀ sì wà tó lọ sí Abẹ́òkúta tààrà. Àwọn obìnrin Ègùn ń se iyọ̀ láti inú omi òkun. Àwọn ọkọ̀ òyìnbó ń já tábà, ọtí, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù. Èyí tí wọ́n ń kó lọ ló burú jù: ọmọ ènìyàn. Láti ọjà ẹrú Vlekete ni wọ́n ti ń kó wọn sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, tí wọ́n sì ń gbé wọn lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí ojú wọn kò sì tún kan ilé mọ́.

Ìlú yìí ni Ẹfúnróyè bá ọkọ rẹ̀ wọ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kò pẹ́ láyé mọ́ lẹ́yìn náà. Òwò ló gbájú mọ́. Ó ń ta iyọ̀, ó ń ta tábà, ó sì ń ta ẹrú. A kò ní fi ìkẹta yìí pamọ́ fún yín.

BÍ ÒWÒ ṢE Ń DI AGBÁRA

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ní ilé ìwé, ẹ tẹ́tí sí èyí. Lórí àwìn ni gbogbo òwò etí òkun dúró. Òyìnbó a já ọjà fún ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀lé, láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà a pín in fún àwọn alájàpá tó ń lọ sí òkè, wọn a sì dá a padà ní ẹrú tàbí ní epo. Nítorí náà, ohun tí òyìnbó ń wá kì í ṣe olówó lásán, bí kò ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ tó nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò fi ní jẹ gbèsè rẹ̀ gbé. Olorì Àdélé, tó tún jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tó gbọ́ èdè òkè tó sì mọ ti ìsàlẹ̀, ta ni ìbá tún yẹ jù ú lọ? Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ó fi gba ọjà. Ìbátan rẹ̀ nílé ni ó fi tà á.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà di ti òṣèlú. Ẹni tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ jagun yóò wá. Ọba tó ń wá oyè rẹ̀ padà kò ní owó lọ́wọ́, àwìn ni yóò gbà. Bí ọba náà bá wá dé orí oyè, gbèsè ló gbé gorí ìtẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ẹrú tí Tinúbú kó jọ kì í ṣe fún títà nìkan. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ fún un, àwọn kan ń ro oko, àwọn kan sì ń gbé ìbọn. Ní Èkó ìgbà náà, iye èrò tó wà lẹ́yìn ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ bí ó ti tóbi tó. Báyìí ni obìnrin tí kò lè jọba ṣe di ẹni tí ọba kò lè ṣe aláìrí.

PADÀ SÍ ÈKÓ

Lẹ́yìn Òṣínlókun, ọmọ rẹ̀ Ìdèwú Òjúlarí jọba, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ ọ́. Ní nǹkan bí 1835, àwọn ará Èkó ránṣẹ́ pe Àdélé padà láti Àgbádárìgì. Tinúbú bá a wọ Èkó gẹ́gẹ́ bí olorì. Ọdún méjì péré ni Àdélé lò tó fi kú ní 1837.

Opó ni Tinúbú tún dà lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá ṣe pé ó ní òwò tirẹ̀, ibi tí ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Olúwọlé, ọmọ Àdélé, ló jọba tẹ̀ lé e, Tinúbú sì tì í lẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ lẹ́yìn Àdélé ni Yésúfù Bàdá, balógun Ọba Olúwọlé. Bí ọba ṣe ń ti tọkọtaya náà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni òwò wọn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń gbòòrò sí i.

Kì í ṣe Tinúbú nìkan ni obìnrin tó lágbára ní Èkó nígbà náà. Opó Olú wà níbẹ̀, ọmọ Òṣínlókun, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan náà ni òun àti Kòsọ́kọ́. Ó lówó, ó sì lérò lẹ́yìn. Ẹlẹ́tù Òdìbò, tí òun àti Kòsọ́kọ́ ń jà, fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan obìnrin náà, wọ́n sì lé e kúrò ní ìlú. Nítorí èyí ni Kòsọ́kọ́ ṣe gbé ogun dìde sí Olúwọlé, ogun tí a ń pè ní Ogun Ewé Kókò. Kò ṣẹ́gun, ó sì sá lọ sí Wídà. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin alágbára jà: wọn kò bá Opó Olú du ọjà, wọn kò bá a jagun, àjẹ́ ni wọ́n pè é.

Ní 1841, Olúwọlé kú nígbà tí ẹ̀tù ìbọn gbiná ní ààfin. Akítóyè, àbúrò Àdélé, ni wọ́n fi jọba. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Akítóyè. Ó ní kí àwọn parí ìjà inú ẹbí, ó sì ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ padà sílé. Tinúbú wà lára àwọn tó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe é. Ẹlẹ́tù Òdìbò tilẹ̀ bínú kúrò ní Èkó, ó kọjá wá sí Àgbádárìgì. Akítóyè kò gbọ́. Ní oṣù keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ dìde sí i ní Ogun Olómirò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi há ààfin mọ́, tí omi iyọ̀ di mímu fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Akítóyè sá gba ojú omi lọ sí Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ló ti wá sí Àgbádárìgì.

ÀGBÁDÁRÌGÌ LẸ́Ẹ̀KEJÌ

Tinúbú náà padà sí ìlú tó ti kọ́kọ́ là. Ṣùgbọ́n Àgbádárìgì ti ń yí padà. Àwọn míṣọ́nnárì ti dé láti 1842, wọ́n sì kọ́ ilé alájà àkọ́kọ́ síbẹ̀ ní 1845. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ etí òkun kí wọ́n má baà kó ẹrú mọ́. Akítóyè rí i pé bí òun bá ṣe ìlérí láti dá òwò ẹrú dúró, Gẹ̀ẹ́sì lè ran òun lọ́wọ́. Tinúbú ní tirẹ̀ ń fi owó àti èrò ti Akítóyè lẹ́yìn. Ó ń lo ojúlùmọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn olóyè Àgbádárìgì láti fa ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìhà rẹ̀.

Ìlú wa jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú olóyè wà lẹ́yìn Akítóyè, àwọn mìíràn wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1851, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìgboro, iná sì jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Akítóyè, ìhà tirẹ̀ ló sì borí. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni í fara gbá. Àwọn Ègùn tó ń se iyọ̀ wọn jẹ́jẹ́, kí ni tiwọn nínú oyè Èkó?

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, láti ọjọ́ 26 sí 28, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó. Kòsọ́kọ́ sá kúrò, ó sì tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbé Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, ó fọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú ti dópin ní Èkó.

OBÌNRIN NÁÀ ÀTI KỌ́ŃSÙ

Tinúbú padà sí Èkó pẹ̀lú ọlá tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Akítóyè kò gbàgbé ẹni tó dúró tì í nígbà ìpọ́njú, ó sì fún un láyè púpọ̀ nínú òwò. Epo pupa ló wá ń tà fún òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kò yé tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pé lábẹ́lẹ̀, ó ṣì ń bá àwọn oníṣòwò Bràsíìlì ta ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba ti fọwọ́ sí àdéhùn.

Akítóyè kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1853. Ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú jọba. Ọ̀dọ́mọdé ọba ni, agbára Tinúbú sì tún ga sí i lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Benjamin Campbell dé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní kọ́ńsù. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ẹrú tó ti Sàró àti Bràsíìlì padà wálé, ń pọ̀ sí i ní ìlú. Kọ́ńsù ń ṣe agbátẹrù fún wọn, wọ́n sì ń gba òwò lọ́wọ́ àwọn onílé. Tinúbú rí i pé bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, kò ní pẹ́ tí kò ní sí àṣẹ kankan lọ́wọ́ ọba àti olóyè mọ́. Nígbà tí Campbell lọ sí ìlú òyìnbó, ó gbìyànjú kí Dòsùnmú lé àwọn tó lágbára jù nínú wọn kúrò ní Èkó.

Kò bọ́ sí i. Campbell padà dé, ó sì fi dandan lé e pé kí ọba lé Tinúbú jáde. Tinúbú jẹ gbèsè púpọ̀ fún àwọn oníṣòwò òyìnbó, èyí náà sì di ohun tí wọ́n fi gbá a mú. Àwìn tó gbé e ga ni wọ́n tún fi fà á lulẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1856, Tinúbú kúrò ní Èkó, ó kọrí sí Abẹ́òkúta. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ohun tí obìnrin náà ń bẹ̀rù ti ṣẹ.

ÌYÁLÓDE Ẹ̀GBÁ

Ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí kò mọ Tinúbú. Ó ti lé ní 40 ọdún nígbà tó dé Abẹ́òkúta, ó sì bẹ̀rẹ̀ òwò padà. Ìlú náà wà nínú ewu nígbà gbogbo. Ogun Dàhòmì ti wá sí ẹnu odi rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọn yóò tún wá. Tinúbú ń kó ìbọn àti ẹ̀tù jọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864, ogun Ọba Glele dé lóòótọ́. Àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì, tí òkìkí wọn kàn ká ayé, wà lára àwọn tó ń gun odi Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn odi, obìnrin kan náà ló ń pín ẹ̀tù àti ìbọn fún àwọn ológun Ẹ̀gbá, tó sì ń rí sí ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ó dúró sí ẹnubodè Arò, kò sì jẹ́ kí ẹni tó bá ń sá wọlé rí ọ̀nà gbà. Dàhòmì kò wọ ìlú.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi Tinúbú jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá ní 1864. Ẹ ro ó wò. Ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, agbára rẹ̀ ti ara ọkọ tàbí ara ọba wá. Ní Abẹ́òkúta, oyè tirẹ̀ ni, tí gbogbo ìlú fi dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyálóde kì í ṣe oyè ẹ̀yẹ lásán. Ó ń bá àwọn olóyè jókòó, òun sì ni ẹnu àwọn obìnrin ìlú. Orí oyè náà ló wà títí tó fi kú ní 1887. Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀GBẸ́ KEJÌ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, tí a bá dúró síbí, a ti sọ ìdajì ìtàn nìyẹn. Àwọn kan ń pe Tinúbú ní akọni tó bá òyìnbó jà fún òmìnira. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ó rí ohun tí ọba kò rí, kò sì bẹ̀rù kọ́ńsù nígbà tí ọkùnrin púpọ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan sì ń pè é ní olówò ẹrú. Òótọ́ ni èyí náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé nígbà tó gbọ́ irú ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹrú lókè òkun, ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó tẹ̀ lé àdéhùn 1852 kò jẹ́ kí a lè fi ọkàn balẹ̀ sórí ìyẹn.

Àwọn ènìyàn kan máa ń sọ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọba ń ṣe é, àwọn olóyè Àgbádárìgì ń ṣe é, òyìnbó tó wá ń wàásù lé wa lórí lẹ́yìn náà ló ra èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní Gberefu, ǹjẹ́ ó dín ìrora rẹ̀ kù pé gbogbo ayé ló ń ṣe é? Ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ ní òkè, tí kò mọ̀ pé ó ti wọ ọkọ̀, kò sí Ìta tí wọ́n sọ ní orúkọ tirẹ̀. Àwa tí a ń gbé etí omi yìí, tí a ń rí ọ̀sà náà lójoojúmọ́, kò yẹ kí á gbàgbé wọn nígbà tí a bá ń yin ẹni tó là níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé kò yẹ kí á fọ Tinúbú mọ́ pátápátá, kò sì yẹ kí á sọ ọ́ nù. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ọgbọ́n rẹ̀ tóbi, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ náà sì tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n lára ẹni àtijọ́ gbọ́dọ̀ lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, agbára obìnrin nínú ìlú kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wá. Láti ọjọ́ Erelú Kútì ló ti wà. Òyìnbó gan-an ló lé èyí tó lágbára jù nínú wọn kúrò ní Èkó. Kí arábìnrin tó bá ní ọgbọ́n àti ìmọ̀ má ṣe rò pé òun ń ṣe ohun tí ìyá òun kò ṣe rí. Kí arákùnrin sì má ṣe pe ọlọ́gbọ́n obìnrin ní àjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe fún Opó Olú.

Èkejì, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Ọkọ mẹ́ta ni Tinúbú fẹ́, ìgbà méjì ó kéré tán ni ogun tàbí òfin lé e kúrò nílé, àwọn ọmọ inú rẹ̀ kú mọ́ ọn lójú. Ibi gbogbo tó dé ló ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ kọ́ iṣẹ́, ẹ kọ́ ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí á ṣọ́ra fún gbèsè. Àwìn ni àkàbà tó gùn dókè, àwìn náà ni wọ́n yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, tó sì ṣe pàtàkì jù, ibi tí owó ti wá ń bá owó rìn. Tinúbú gba ìlú kan là ní 1864, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn ì bá kó lẹ́rú lọ sí Dàhòmì ló sùn sílé wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n lára owó tó fi gbára dì fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, owó ọmọ ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Lóde òní, àwọn kan ń fi iṣẹ́ olówó ńlá tan ọmọbìnrin kúrò nílé, wọ́n ń gba ẹnu ibodè tó wà nítòsí wa kó wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dákẹ́.

Ìta Tinúbú wà ní Èkó di òní, ère rẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta. Ní Àgbádárìgì, ọ̀sà tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi la ọ̀nà fún ara wa, kí Ó má sì jẹ́ kí á la ọ̀nà náà gba orí ọmọ ẹlòmíràn kọjá. Ó dìgbà oṣù tó ń bọ̀.